Kámẹ́rà Fídíò Tó Wọ Àpò Ẹ̀wù

Lóṣù Kẹfà ọdún 2005, àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn CVS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ta kámẹ́rà fídíò kan tí owó rẹ̀ kò pé dọ́là 30. Ẹni tó bá rà á yóò fi ya fídíò ogún ìṣẹ́jú, yóò dá kámẹ́rà padà sí ṣọ́ọ̀bù, yóò san bíi dọ́là 13 sí i, wọn yóò sì kó fídíò rẹ̀ sórí DVD fún un. Fídíò nìkan ni oníbàárà ń mú lọ sílé. Kámẹ́rà ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Pure Digital Technologies, ilé iṣẹ́ kan ní San Francisco, ló wà nídìí òwò yìí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ fi tú kámẹ́rà náà wò, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì ń fa fídíò inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ara wọn láì tún fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ilé iṣẹ́ náà tètè lóye. Bí ènìyàn bá lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ nítorí kó má baà dá a padà, ó yẹ kí wọ́n kúkú tà á fún un pátápátá. Lọ́dún 2006 wọ́n gbé èyí tí kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù jáde, nígbà tó sì di 2007 wọ́n sọ ọ́ ní Flip, orúkọ tó bá apá USB rẹ̀ mu, èyí tó máa ń ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ojú ọ̀bẹ alápò. Kò sí wáyà tí ènìyàn ń wá kiri. Ẹni tó bá ya fídíò tán á ta apá náà jáde, á kì í bọ ara kọ̀ǹpútà, ó parí.

Flip Ultra, èyí tó jáde lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ló sọ wọ́n di olókìkí. Nǹkan bíi dọ́là 150 ni wọ́n ń ta èyí tó ń gba fídíò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tó ń gba wákàtí kan sì jẹ́ bíi dọ́là 180. Láìpẹ́ ó di kámẹ́rà fídíò tó ń tà jù lórí Amazon. Bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà fídíò ńlá tó wà lórí àtẹ nígbà náà lè ṣe ohun púpọ̀ jù ú lọ. Flip kò ní ju bọ́tìnnì pupa ràbàtà kan lọ láàárín, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó yí i ká: ti wíwo fídíò, ti pípa á rẹ́, àti àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Kò sí ihò tí wọ́n ń ki káàdì sí. Kò sí iná. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè yí àwọ̀ tàbí ìmọ́lẹ̀ padà. Kò tilẹ̀ ń ya fọ́tò.

Ohun tó jẹ́ kó tà gan-an nìyẹn, òun náà ló sì fa orí ìwé yìí. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n yọ kúrò lára ẹ̀rọ náà, ara ẹni tó ń lò ó ni wọ́n gbé e sí. Kò lè fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tó ṣe é wò, ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ ni yóò rìn dé ibẹ̀. Kò lè wá ìmọ́lẹ̀, ojú olówó rẹ̀ ni yóò wá a. Kò lè yan ohùn tó fẹ́ gbọ́ láàárín ariwo. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó já lé òun léjìká yóò fi kámẹ́rà yìí ya fídíò tí ìdílé á máa wò fún ọdún pípẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn ní ogún ìṣẹ́jú tó ń gbọ̀n.

Ibi tí ọjà náà já sí

Lóṣù Kẹta ọdún 2009, Cisco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tó so íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, kéde pé òun fẹ́ ra Pure Digital ní mílíọ̀nù 590 dọ́là. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Apple gbé iPhone 3GS jáde, iPhone àkọ́kọ́ tó ń ya fídíò. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti fi kámẹ́rà fídíò sára iPod nano pàápàá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2011, Cisco kéde pé òun ti ilẹ̀kùn Flip pa, bíi òṣìṣẹ́ 550 ló sì bá a lọ. Jonathan Kaplan, ọ̀gá Pure Digital, ti kúrò níbẹ̀ kó tó dìgbà náà; ilé oúnjẹ kan tó ń ta búrẹ́dì yíyan tí wọ́n ki wàràkàṣì sí láàárín ló lọ dá sílẹ̀ ní San Francisco, The Melt ló pè é. Ọkùnrin náà kò kúkú yí ìwà padà: ohun kékeré tí kò nílò àlàyé ló tún lọ ń tà.

Kodak, tó fi Zi6 àti Zi8 bá Flip du ọjà, kéde lóṣù Kejì ọdún 2012 pé òun kò ní ṣe kámẹ́rà dígítà àti kámẹ́rà fídíò alápò mọ́. Sony Bloggie àti Creative Vado náà ti ròkun ìgbàgbé. Tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí tó kù nílẹ̀.

Ṣé ó tún wá yẹ kí ènìyàn ra irú rẹ̀ lóde òní? Kí ìwé yìí má tan ẹnikẹ́ni jẹ: fóònù tó dára díẹ̀ ń ya fídíò tó mọ́ ju ti Flip lọ, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tí kò bá ní ohun kan pàtó tó fẹ́ fi kámẹ́rà alápò ṣe, kó fi owó rẹ̀ ra dátà. Àwọn tó wúlò fún kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Òbí tó fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò, tí kò fẹ́ fi fóònù àti gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, kò lè rí ohun tó dára jù ú lọ. Ẹni tó fẹ́ ya ìsọmọlórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò fẹ́ kí ìpè ẹni tó ṣìnà ilé já fídíò rẹ̀ sí méjì, á mọ iyì rẹ̀. Ẹnì kẹta ni ẹni tó bá ọ̀kan nínú dúróà ìbátan rẹ̀ ní London tàbí Houston, tí ọjọ́ ìbí ọdún 2009 ṣì wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yọ jáde. Ti ẹnì kẹta yìí ló ká ìwé yìí lára jù.

Kí ènìyàn tó sanwó

Bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Flip Ultra àti Flip UltraHD ń lo bátìrì AA méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú aago ògiri, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ń tà. Flip Mino, àbúrò wọn tó tín-ín-rín tó sì rẹwà, bátìrì abẹ́nú ló ní, kò sì sí ibi tí olówó rẹ̀ lè gbà yọ ọ́. Nígbà tí Mino jáde ní 2008, ó dà bíi pé ìlọsíwájú nìyẹn. Lónìí, ọ̀pọ̀ Mino ni bátìrì wọn kò lè gbé iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́, àwọn mìíràn sì ti wú débi pé ara kámẹ́rà ti là. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti là, kí wọ́n má fi iná sí i rárá, owó yòówù tí wọ́n ì báà dá lé e. Láàárín arẹwà àti èyí tó ń lo AA, kí ènìyàn mú èyí tó ń lo AA.

Bátìrì AA pàápàá yàtọ̀ síra. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà kì í ṣe iṣẹ́ yìí, torí kámẹ́rà ń fa iná gidigidi, á kàn tan fìrì ni, á sì kú. Álíkáláìnì dára. Èyí tó ń gba iná, tí wọ́n kọ NiMH sí lára, ló dára jù fún ẹni tó ń ya fídíò léraléra, nítorí kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì bí iná bá ń jáde kíákíá.

Lẹ́yìn bátìrì, apá USB ló kàn. Ibẹ̀ ni Flip ti máa ń kú. Ẹni tó fẹ́ rà á kó ta apá náà jáde, kó wò ó bóyá ó dúró gírí tàbí ó ń mì jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀, kó kì í bọ kọ̀ǹpútà níwájú ẹni tó ń tà á. Bí oníṣòwò ní Computer Village ní Ikeja bá ń sọ pé kò sí kọ̀ǹpútà nítòsí, ọ̀rọ̀ ti yanjú: kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà ní gbogbo àdúgbò náà. Kó tan kámẹ́rà, kó ya fídíò ìṣẹ́jú méjì, kó sọ̀rọ̀ sí i, kó sì wò ó padà pẹ̀lú ohùn. Kó dojú lẹ́ǹsì kọ ìmọ́lẹ̀ kó wo bóyá ó ti ha. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó bá ti ha yánpọnyánrin á máa fi kùrukùru funfun bo gbogbo fídíò tí wọ́n bá yà lójú oòrùn.

Fún ayẹyẹ, Kodak Zi8 ti ọdún 2009 sàn ju gbogbo Flip lọ, ìdí méjì ló sì fà á. Ó ní ihò tí wọ́n lè ki máìkì sí, nǹkan tí Flip Ultra àti Mino kò ní rárá, ó sì ń lo káàdì SD tí agbára rẹ̀ lè tó GB 32. Bí káàdì bá kún, wọ́n á fi òmíràn sí i. Flip UltraHD ní GB 8 nínú, wákàtí méjì ló ń gbà, bó bá ti kún àyàfi kí wọ́n wá kọ̀ǹpútà. Àbùkù Zi8 ni pé bátìrì tirẹ̀ kì í ṣe AA. Àfi kí wọ́n ra irú rẹ̀ gan-an. Zi6, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti 2008, ń lo AA àti káàdì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ní ihò máìkì. Ẹni tó ní ọmọ tó fẹ́ràn omi lè wá Kodak PlaySport Zx3 ti 2010, tí wọ́n ṣe láti fara da omi tó jìn tó mítà mẹ́ta. Rọ́bà tó ń dí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó báyìí o. Kí ẹni náà fi korobá omi dán an wò kó tó mú un lọ sódò, pẹ̀lú káàdì tí kò sí ohun kankan lórí rẹ̀.

Kámẹ́rà tuntun olówó pọ́ọ́kú tún kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ 4K gàdàgbà sí lára páálí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòrán kékeré ni ojú wọn ń rí, ẹ̀rọ inú wọn ló ń nà án di ńlá. Flip UltraHD tó ń ya 720p lóòótọ́ sàn ju 4K orí páálí lọ.

Nígbà tí ọwọ́ bá kàn án

Àṣìṣe tí àwọn tó ti mọ́ fóònù lára máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á dá Flip dùbúlẹ̀. Fóònù ni wọ́n ń dá dùbúlẹ̀ kí fídíò lè fẹ̀. Òòró ni wọ́n ń di Flip mú, síbẹ̀ fídíò rẹ̀ á fẹ̀ bó ti yẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to ojú inú rẹ̀. Ẹni tó bá dá a dùbúlẹ̀ á padà délé, á rí ìyàwó àti ọkọ tí wọ́n ń rìn lára ògiri. Òòró náà ni wọ́n ń di Kodak Zi6 àti Zi8 mú.

Kí ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ìgúnpá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí ògiri tàbí òpó bá wà nítòsí, kí ẹ̀yìn fara tì í. Kámẹ́rà tó fúyẹ́ báyìí ń gbọ̀n ju èyí tó wúwo lọ, torí kò ní ìwúwo tí yóò fi dá ọwọ́ dúró. Ihò ìdè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó bá ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mu; kékeré tí wọ́n lè gbé sórí tábìlì ti tó, wọn kì í sì í wọ́n.

Ìdí tí gbígbọ̀n fi burú jù nínú kámẹ́rà yìí wà nínú bó ṣe ń ríran. Kì í ka àwòrán lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan tẹ̀lé èkejì ló ń kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ bá yára lọ sápá ọ̀tún, ibi tí nǹkan wà nígbà tó ka ìlà òkè kọ́ ló wà mọ́ nígbà tó dé ìlà ìsàlẹ̀, òpó tó dúró ṣánṣán á wá tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà yí gbogbo àgbàlá ká, kó ṣe é díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe rò pé ó yẹ lọ. Èyí tó dára jù ni kó má yí i rárá: kó dúró, kó ya ibi kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó dá a dúró, kó rìn lọ síbòmíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Súùmù tó wà níbẹ̀, kí wọ́n gbàgbé pé ó wà. Flip ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì kọ́ ló ń ṣe é. Àárín àwòrán ló ń gé, tó sì ń fẹ̀ ẹ́. Lójú Flip Ultra, tí gbogbo àwòrán rẹ̀ kò ju 640 lọ́nà 480 lọ, ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e kò tó nǹkan. Kí ẹsẹ̀ rìn. Àmọ́ kó má rìn jù: lẹ́ǹsì Flip kì í yí ara rẹ̀ padà láti wá ohun tó wà nítòsí, ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo nǹkan. Ohun tó bá ti súnmọ́ ọn ju bíi mítà kan lọ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Ẹni tó fẹ́ ya oyin, iyọ̀ àti obì lórí àwo ìsọmọlórúkọ yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, yóò sì gbà kí àwo náà kéré nínú àwòrán. Zi6 àti Zi8 ní ìtẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń yí fún ohun tó súnmọ́, ó dára fún irú èyí, kìkì pé àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé láti yí i padà, gbogbo ayẹyẹ tó kù á sì ṣú bàìbàì.

Ìmọ́lẹ̀ kò le láti yé. Kí wíńdò wà lẹ́yìn ẹni tó ń ya fídíò, kó má ṣe wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà. Ìyá àgbà tó jókòó síwájú wíńdò lọ́sàn-án gangan á di òjìji dúdú, Flip kò sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi lè gbà á sílẹ̀. Kí wọ́n yí àga rẹ̀ padà. Bí ó bá ní ibẹ̀ ló wu òun, kí ẹni tó ń yà á lọ dúró síbi tí wíńdò wà.

Ohun kan wà tí ìwé ìlànà tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà kò ní fà yọ. Iná mànàmáná tiwọn ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 50. Kámẹ́rà náà ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó bá 60 rìn dáadáa, tó sì ń ṣe ségesège pẹ̀lú 50. Lábẹ́ iná ọ̀pá, àti lábẹ́ àwọn gílóòbù LED kan tí kò dára, ìlà dúdú lè máa gorí síkírìn lọ tàbí kí gbogbo yàrá máa ṣẹ́jú. Lórí jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sáré tó tún ń falẹ̀, ó lè burú jù bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀ lára kámẹ́rà. Kí wọ́n pa iná ọ̀pá náà, kí wọ́n ṣí kọ́tìnì, tàbí kí ayẹyẹ bọ́ síta.

Ní ti ohùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fídíò ilé ti ń bàjẹ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwòrán ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́. Máìkì kékeré kan ló wà níwájú Flip, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu bí yóò ṣe gbọ́ tó. Bí ibi gbogbo bá dákẹ́, á na etí rẹ̀ títí á fi máa gbọ́ fáànù àti mímí ẹni tó dì í mú. Bí alùlù bá sì dé, etí náà á kún. Ohun tó máa kù lórí fídíò á jẹ́ ariwo tó fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń sọ. Ẹni tó ń ya àríyá gbọ́dọ̀ jìnnà sí sípíkà ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe níwájú. Ẹni tó sì ń ya ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́: mítà kan àbọ̀ sí alága ìdúró, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè borí ti àwọn tó ń pín oúnjẹ lẹ́yìn. Lóde, atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú máìkì. Kí ẹni tó ń yà á kẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ara rẹ̀ dí i.

Èyí ni Zi8 fi borí. Wọ́n lè so máìkì oníwáyà mọ́ ọn, kí wọ́n fi há ọrùn ẹ̀wù ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí kò sí èyí tí kámẹ́rà alápò fi wúlò jù ú lọ: kí wọ́n jókòó ti àgbàlagbà ìdílé, kó sọ oríkì ilé, kó dárúkọ àwọn baba ńlá, kó sọ ẹni tó bí ẹni. Fóònù ń dẹ́rù ba àwọn àgbà mìíràn, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á ní ta lẹ ń pè yẹn. Kámẹ́rà kékeré lórí ìdúró rẹ̀, tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbàgbé rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ yà á kọ́kọ́ gbàṣẹ. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ fi fídíò náà ṣe àti àwọn tí yóò rí i, torí ọ̀rọ̀ wà tí ìyá lè sọ létí ọmọ tí kò fẹ́ kó dé orí Facebook. Lẹ́yìn náà kó tẹ bọ́tìnnì pupa, kó sì fi í sílẹ̀. Ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó wà lókè yẹn kò kan ibí. Kí ó máa yí lọ nígbà tí ìyá bá dákẹ́ láti rántí orúkọ, kó máa yí lọ nígbà tó bá ní kí wọ́n bu omi fún òun. Nígbà tó bá mu omi tán ni orúkọ náà sábà máa ń wá sí i lẹ́nu.

Ohùn ẹni tó ń bi í léèrè náà á wọ inú fídíò. Kó béèrè kúkúrú, kó sì gbẹ́nu dúró.

Yíyọ fídíò jáde

Lára gbogbo Flip tó kù láyé, apá USB ló rẹ̀ jù. Kí wọ́n má ki kámẹ́rà náà bọ ara kọ̀ǹpútà tààrà kó máa rọ̀ dirodiro níbẹ̀. Wáyà USB kúkúrú kan wà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ akọ tí èkejì jẹ́ abo. Kí wọ́n fi ìyẹn sáàárín, kí kámẹ́rà sì dùbúlẹ̀ lórí tábìlì. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ó sì ń gba ẹ̀mí kámẹ́rà là.

Bó bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà lè ní kí wọ́n fi FlipShare sí i, ìyẹn ètò tí wọ́n tọ́jú pamọ́ sínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan. Ètò náà ti di arúgbó, kọ̀ǹpútà tuntun púpọ̀ kò gbà á mọ́. Kámẹ́rà á hàn gẹ́gẹ́ bíi fláàṣì lásán; kí wọ́n ṣí fódà tí wọ́n kọ DCIM sí lára, fídíò wà nínú fódà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe kí wọ́n gé e kúrò níbi tó wà. Fídíò AVI ti Flip àtijọ́ lè kọ̀ láti ṣí tàbí kó ní ohùn láìní àwòrán. VLC, tí kò gbowó, sábà máa ń ṣí i. Kí wọ́n ṣí fídíò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣí dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ bọ́tìnnì ìparẹ́.

Orúkọ tí kámẹ́rà ń fún fídíò kò wúlò, nọ́ńbà lásán ni. Kí wọ́n fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣáájú, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e: 2009-12-26 Ìsọmọlórúkọ Ìbàdàn. Ọjọ́ tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kọ sára fídíò kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fọkàn tán, nítorí aago inú rẹ̀ lè padà sẹ́yìn nígbà tí bátìrì bá ti pẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí ọdún 2007 bá wà lára ìgbéyàwó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé 2010 ni, kí wọ́n gba ti ènìyàn gbọ́.

Ìṣẹ́jú kan fídíò UltraHD tó bíi MB 67. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi fídíò ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀ títí àwòrán á fi ṣú. Kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, á dé bó ti rí. Kó má sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni fídíò wà. Cisco ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olówó Flip ti ń pín fídíò wọn fún ẹbí, FlipShare náà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ibẹ̀ pa lẹ́yìn òpin ọdún 2013, fídíò tí ẹnikẹ́ni kò dà kọ síbòmíràn sì bá a lọ. Háàdì díìsìkì méjì ni ìwé yìí gbà nímọ̀ràn: kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹbí tó wà ní ìlú mìíràn, kí wọ́n máa so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti wo bóyá wọ́n ṣì ń ṣí.

Kí kámẹ́rà tó padà sínú dúróà, kí wọ́n yọ AA kúrò nínú rẹ̀. Bátìrì tó bá pẹ́ níbẹ̀ á jò, omi rẹ̀ á sì jẹ irin tó ń gbé iná. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú álíkáláìnì, ìyẹ̀fun funfun ni wọn yóò bá níbẹ̀. Kí wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú fínígà díẹ̀ nù ún, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fi bátìrì tuntun sí i. Mino tí bátìrì rẹ̀ wà nínú kò ní ohun tí wọ́n lè yọ: kí wọ́n fún un níná dé ìdajì kó tó lọ sùn, kí wọ́n sì máa rántí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí bátìrì rẹ̀ tó bá gbẹ pátápátá fún ìgbà pípẹ́ lè má gba iná mọ́.